Kúlà Olówó Pọ́ọ́kú Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Abẹ́rẹ́-ò-ráyè

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan gbiná ní ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì búra pé ojú òun báyìí ni èéfín ṣe ń gba ojú fèrèsé jáde. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta páànù ní ìkángun àdúgbò, kọ̀ǹpútà náà ti yọ ahọ́n iná. Nígbà tó fi máa dé ilé ìwé, ó ti fò kúrò lórí tábìlì, ó ti lé ẹni tó ni ín yíká ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti jó irun iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀. Wọ́n ní ìbínú ló ṣe é: pé ọmọbìnrin tó ni ín ń lù ú kó máa sáré ju bí wọ́n ṣe dá a lọ, títí ọ̀rọ̀ fi sú u, tó ní kí ó kúkú bàjẹ́ kó bàjẹ́ tán. Ìyá kan tilẹ̀ wà tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbé fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ayàwòrán ni àdúgbò ń pè é, irun iwájú orí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pérépéré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí káfíńtà tó fi ayùn kan pákó, yóò ti ya kíṣìnì tàbí yàrá tí oníbàárà fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tòun ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tòun ti dúrọ́ọ̀ rẹ̀, títí kan ibi tí oòrùn òwúrọ̀ yóò ti wọlé. Oníbàárà á jókòó, á máa wo ilé tí kò tíì sí. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ àwọ̀ yìí, Ayàwòrán á pa á rẹ́, á fi òmíràn sí i, pákó kankan kò sì ní ṣòfò.

Ẹni tó ń fi ayùn kan pákó ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Òun náà ní orúkọ tirẹ̀ ládùúgbò: Abẹ́rẹ́-ò-ráyè. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ oyè náà. Tó bá ti so pákó méjì pọ̀, á pe ẹni tó bá ń kọjá lọ, á ní kó wá wo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, pé bí abẹ́rẹ́ bá lè ráyè wọ̀ ọ́, kí onítọ̀hún máa gbé àga náà lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbé àga lọ. Ká má parọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gún. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò fi sáńpépà kàn rí.

Bàbá wọn ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Gbàgede ńlá tí ẹ̀rọ ìlagi àti ẹ̀rọ ìfági wà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n; yàrá kékeré tó ní fèrèsé sí ojú títì jẹ́ ti àbúrò. Ìdí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ara wọn bí ajá àti ológbò. Ẹ̀gbọ́n gbà pé ẹni tí kò bá làágùn kò ṣiṣẹ́. Àbúrò ní tirẹ̀ gbà pé ẹni tó gé pákó kó tó béèrè ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ló ń fi òógùn ṣòfò. Aránṣọ tìmùtìmù kan sì ti ń yọ́ wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n lemọ́lemọ́, ó ń sọ pé bí yàrá kékeré yẹn bá ṣófo lọ́jọ́ kan, òun ni kí wọ́n fún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà bí ẹní fẹ́ràn orin. Àǹtí Afínjú ni obìnrin yìí ń pe Ayàwòrán, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohùn tó fi ń pè é bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé oríyìn kọ́.

Lẹ́búlẹ́bú pákó ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, kò sí ibi tí kì í dé: ó ń wọ etí, ó ń wọ bàtà, ó ń wọ inú omi tí èèyàn bo ìdérí lé. Ayàwòrán tú àpótí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá a nínú rẹ̀ ní ìdì-ìdì, ó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, ẹyẹ ì bá yé síbẹ̀ kó sì pa á. Ó ráhùn. Ó ráhùn láàárọ̀, ó ráhùn lọ́sàn-án, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dákẹ́, tí kò fèsì mọ́. Nígbà tí ọkùnrin yẹn bá sì dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ronú.

Ó gun àjà, ó gbé pákó ọ̀gánwó kan tí kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn sọ̀kalẹ̀, ìgbẹ̀yìn èyí tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ là kó tó kú. Ó fá a, ó sì fi sáńpépà dán an títí èèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi kan kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan tó gba kọ̀ǹpútà náà wẹ́kú, ó gbé e sí abẹ́ fèrèsé nínú yàrá àbúrò rẹ̀, ó kàn án mọ́ ògiri, ó sì fi fóòmù dí ibi tí wáyà gbà wọlé pinpin. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ láti etí ẹ̀wù rẹ̀, ó fà á yíká gbogbo ojú ìdè rẹ̀.

Ó ní, “Wò ó dáadáa. Lẹ́búlẹ́bú kankan kò ní wọbẹ̀ mọ́ láyé. Afẹ́fẹ́ gan-an á kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.”

Ayàwòrán kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn fún un rí nìyẹn. Ìyàwó ń kọjá lọ, ó ní ó mà dára o, pé ẹ̀rọ lásán ti ní ilé ọ̀gánwó, òun tó bímọ fún káfíńtà ṣì ń fi báàgì kó aṣọ.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí obìnrin kan fi dé, olówó gidi, tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì ni gbogbo wọn ń pè é. Ó fẹ́ kíṣìnì, ó fẹ́ yàrá, ó fẹ́ àga, iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ó ní òun kì í wo àwòrán tó dúró gbagidi. Ó fẹ́ èyí tó ń rìn, tí òun yóò gba ẹnu ọ̀nà wọ̀, tí òun yóò yí ká inú rẹ̀ kí òun tó fi owó sílẹ̀. Ó dá ọjọ́ tí òun yóò padà wá wò ó, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Àwòrán tó ń rìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Kọ̀ǹpútà ní láti ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán kó tó lè di ìrìn kan, ti Ayàwòrán sì ti ń darúgbó. Bí ó bá ń lọ bó ṣe ń lọ, Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì á dé, á lọ, á tún padà dé, kò ní tíì parí. Owó kọ̀ǹpútà tuntun kò sí lápò ẹnikẹ́ni. Ni Ayàwòrán bá wọ inú ètò ẹ̀rọ náà lọ, níbi tí àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ kì í dé, ó sì ti pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀ sókè. Pùrósẹ́sọ̀ yẹn ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà; àwọn tó ṣe é ti fi òpin sí bó ṣe máa sáré, ṣùgbọ́n wọ́n ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá láyà. Ayàwòrán láyà. Ẹ̀rọ náà gbéra, ó ń fò, iṣẹ́ tó máa ń fi ọjọ́ ṣe ó ń jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ ẹ̀pà. Inú ọmọbìnrin náà dùn, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Lẹ́yìn náà ni ojú kọ̀ǹpútà ṣú bìrí.

Ó tàn án, ó tún kú. Ó tún un tàn, ó wo nọ́ńbà tó ń sọ bí ọpọlọ náà ṣe gbóná tó, ó rí i tó ń gun òkè bí ọ̀kẹ́rẹ́, ó tún kú. Fáànù tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bíi ti àwọn èèyàn kan tí a kò ní dárúkọ.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó ní èèyàn na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ arúgbó tán, ó wá ń ṣe háà pé ó dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà.

“Gbọ́ mi dáadáa. Bí Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì bá dé tí kò rí nǹkan kan wò, tó bá tìtorí rẹ gbé iṣẹ́ yẹn lọ síbòmíràn, kó ẹrù rẹ. Aránṣọ ń dúró de yàrá yìí.”

“Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni, Bọ̀dá.”

“Bàbá ò fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń lé iṣẹ́ lọ.”

Ìdí nìyẹn tí Ayàwòrán fi mú tépù ìwọngi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú báàgì láìtọrọ, tó wọ̀n àyè inú àpótí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀dù tí pùrósẹ́sọ̀ jókòó sí títí dé ìdérí, tó sì gba ọ̀nà ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lọ. Kúlà ló ń wá, ohun tí wọ́n ń dè mọ́ orí pùrósẹ́sọ̀ kó lè máa fa ooru kúrò lára rẹ̀, kí fáànù sì fẹ́ ooru náà dànù. Kúlà tó lágbára, tí owó rẹ̀ kò sì ní jẹ ẹ́ dé egungun.

Ẹni tó bá lẹ́yìn káńtà níbẹ̀, ojú rẹ̀ le bí òkúta ìpọ́nbẹ. Kí Ayàwòrán tó sọ̀rọ̀ tán ló ti gbé èyí tó ń fi omi ṣiṣẹ́ kalẹ̀. Ayàwòrán wò ó, ó gbọ́ iye rẹ̀, ó rí i pé òògùn ti wọ́n ju aláìsàn lọ, ó dá a padà. Ọkùnrin náà gbé òmíràn wá, irin ńlá tó rí bí ilé-ìṣọ́ méjì tó so mọ́ra, fáànù láàárín. Ayàwòrán yọ tépù. Ọkùnrin náà béèrè bóyá aṣọ ló fẹ́ rán fún un. Ayàwòrán wọ̀n ọ́n: gíga rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìdérí àpótí pa dé, ikùn rẹ̀ yóò sì jókòó lé àwọn pátákó mẹ́mọ́rì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bí àlejò tó gba ìjókòó onílé. Ó dá a padà. Èyí tó tẹ̀ lé e ń tan iná aláwọ̀ méje, ó ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iye rẹ̀ sì wálẹ̀. Ayàwòrán dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. Àlúmíníọ̀mù gìdìgbà lásán ni, kò sí páìpù kan tó máa gbé ooru gòkè. Ó ní iná yẹn dára fún ilé ijó, pé kò sí ìmọ́lẹ̀ tó ń mú nǹkan tutù.

Inú bí ọlọ́jà.

“Ṣé o fẹ́ kó sáré ni, àbí o ò fẹ́? Ẹni tó fẹ́ gun ẹṣin kì í wá gàárì olówó pọ́ọ́kú.”

“Ẹṣin tèmi ti darúgbó, ọ̀gá. Gàárì tó wúwo ju ẹṣin lọ lẹ fẹ́ gbé lé e.”

Àwọn tó wà ní káńtà kejì rẹ́rìn-ín, èyí kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ayàwòrán nawọ́ sí páálí kan tí eruku ti bò ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Inú rẹ̀ ni ohun tó ń wá wà: ilé-ìṣọ́ kan ṣoṣo, ewé àlúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tò lé ara wọn, páìpù bàbà mẹ́rin gba àárín wọn sọ̀kalẹ̀ títí dé ìdí, fáànù kan tó fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Kò lẹ́wà. Kò tan iná kankan. Tépù gbà á, irin ìdè rẹ̀ bá bọ́ọ̀dù rẹ̀ mu, ìpara tí wọ́n ń fi sí àárín òun àti pùrósẹ́sọ̀ sì wà nínú ọ̀rá kékeré. Ọlọ́jà ní àwọn tí kò lówó ló ń ra ìyẹn. Ayàwòrán ní nítorí bẹ́ẹ̀ lòun ṣe wá. Ọlọ́jà ní kí ó má dá a padà wá tó bá jó. Ayàwòrán ní òun kò nífẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe pínyà, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì pé ó dàbọ̀.

Orí tábìlì, ní ìta kọ́bọ́ọ̀dù, ló ti dè é. Ẹ̀gbọ́n gbé àga wá jókòó tì í bí ẹni wá wo ìjà. Nígbà tó rí i tí àbúrò rẹ̀ fi ìpara tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ sí àárín pùrósẹ́sọ̀, ó béèrè bóyá ahun ló ń ṣe, pé gọ́ọ̀mù tín-ín-tín báyìí kò lè mú nǹkan kan. Ayàwòrán ní kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ó dè é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kó má bàa jókòó lódì. Ó tan ẹ̀rọ, ó ti pùrósẹ́sọ̀ sókè, ó kó iṣẹ́ lé e lórí. Nọ́ńbà náà gòkè díẹ̀, ó dúró. Ó ń dúró síbẹ̀ ṣáá. Ayàwòrán wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ jó díẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbé àga rẹ̀ lọ.

Ayàwòrán gbé kọ̀ǹpútà padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ rárá tí ojú rẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà láti gbàgede. Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wo kúlà àwọn ọlọ́gbọ́n. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìyàwó ní ó ṣeni láàánú, pé bóyá kí Àǹtí Afínjú máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ayàwòrán kò wò wọ́n. Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó tan ẹ̀rọ: nọ́ńbà dúró. Ó pa ilẹ̀kùn dé: nọ́ńbà gòkè. Ó tún ṣí i, ó tún pa á dé. Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ooru tó bá níbẹ̀ sì dàbí ẹni ṣí ìkòkò.

Ó tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, torí ó mọ ohun tó fẹ́ béèrè.

“Bọ̀dá, kúlà ò lẹ́bi. Ooru ló ń fẹ́ jáde tí kò rọ́nà. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lu ihò méjì sí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màá ta aṣọ wẹ́wẹ́ tó rí bí asẹ́ sójú wọn, atẹ́gùn á kọjá, lẹ́búlẹ́bú ò ní wọlé.”

Ọkùnrin náà gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé afẹ́fẹ́ tí kò lè kọjá yẹn gan-an ni ògo rẹ̀.

“Pákó Bàbá?”

“Ihò méjì péré ni.”

“Ọjọ́ tí o bá lu ihò sí pákó yẹn, mi ò ní àbúrò mọ́.”

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán náà padà, ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ gbayawu, ó ní kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ó rí i, ó sì tan ẹ̀rọ ìfági. Kò sí pákó tó yẹ kó fá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó fá. Ó fá èyí tó ti fá tẹ́lẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú gba ẹnu ọ̀nà wọ yàrá kékeré bí ìkùukùu, ó ń bà lé ewé kúlà tuntun náà lórí, Ayàwòrán ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, òmíràn ń bà lé e. Nígbà tó rí i pé òun ń gbá òkun, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀la sì ni Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n gbé ibùsùn kan lọ fún ẹni tó ni ín. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yí kọ́nà ni Ayàwòrán wọ gbàgede. Ó mọ ohun tó ń wá: ayùn róbótó tí wọ́n máa ń fi lu ihò kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó rí ọ̀kan nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó dúpẹ́ pé òun kò tilẹ̀ wá a títí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ọwọ́ kan igi ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀gbọ́n ń kó ayùn tí eyín rẹ̀ ti kú sí, kó lè gbé wọn fún ẹni tó ń pọ́n wọn. Ayàwòrán ti ya igi tó tó igbó, kò la ọ̀kan rí.

Ó fi ayùn sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lu ihò, ó gbé e lé pákó, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ké, ayùn yí, pákó kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ó fi gbogbo ara tì í. Ọ̀gánwó gbígbẹ, ayùn kíkú, ọmọbìnrin tó ń kánjú: èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ó kọ́kọ́ rú fẹ́ẹ́rẹ́, ó tún wá nípọn, ó gba ojú fèrèsé jáde sí títì. Ayàwòrán ń sọkún èéfín, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Onígbàjámọ̀ fi orí oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì, ó bọ́ síta, ó sì pariwo iná. Bí ihò kejì ṣe là tán ni ìyàwó já wọlé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi.

“Ẹ kúrò níbẹ̀, Àǹtí Afínjú. Iná ni.”

“Kì í ṣe iná. Gbé omi yẹn sílẹ̀.”

“Kí ilé ọkọ mi jó?”

“Ilé bàbá mi ni. Bó bá máa jó, èmi ló máa kọ́kọ́ jó.” Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. “Tí ẹ̀kán omi kan bá kan kọ̀ǹpútà yìí, ìwọ lo máa ya kíṣìnì fún Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì lónìí.”

Ìyàwó dúró. Ojú rẹ̀ kúrò lára Ayàwòrán, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí àwọn ihò náà, ó rí etí wọn tó dú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kò tún sọ̀rọ̀ iná mọ́. Ó ní, “Ẹ ti ṣe é. Ọkọ mi á rí i.” Ó wá da gbogbo omi náà sílẹ̀ sí Ayàwòrán lẹ́sẹ̀, jẹ́jẹ́, láìkánjú, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó ṣèèṣì. Ó jáde.

Ayàwòrán kò pààrọ̀ bàtà. Ó ta aṣọ wẹ́wẹ́ sójú àwọn ihò, ó ti ilẹ̀kùn, ó tan ẹ̀rọ. Nọ́ńbà gòkè, ó dé ibi tó dé lánàá lórí tábìlì, ó dúró níbẹ̀. Ó jókòó tòun ti omi lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ń wo kíṣìnì tó ń di odidi níwájú rẹ̀.

Kí ẹ̀gbọ́n tó dé ilé, òfófó ti pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ó wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka bọ ihò kan, ó fà á yíká ẹ̀bá rẹ̀, ẹ̀èdú lẹ̀ mọ́ ọn. Kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo.

“Ayùn wo lo lò?”

“Èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀.”

“Èyí tó ti kú.”

“Mi ò mọ̀.”

“O ò mọ̀. Igi lo ń yà láàárọ̀, igi lo ń yà lálẹ́, o ò mọ ayùn tó kú yàtọ̀ sí èyí tó wà láàyè. O sun pákó Bàbá bí ẹní sun àgbàdo.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ayàwòrán lára, torí òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ní bí Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì bá ti lọ, kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Ayàwòrán ní bó bá lọ láìgbé iṣẹ́ sílẹ̀, òun yóò dì í.

Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì dé lọ́sàn-án, ó jókòó, ó yọ bàtà lábẹ́ tábìlì. Ayàwòrán mú un gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnì rẹ̀ wọlé. Ó rìn kọjá ibi ìfọbọ́, ó yí lọ síbi àwọn sítóòfù, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú àwòrán náà, ó pa á dé. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tó ká mọ́ àyà, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń dúró de ìgbà tí ojú ẹ̀rọ yóò ṣú. Ojú rẹ̀ kò ṣú. Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì ní òun kò fẹ́ sítóòfù lábẹ́ fèrèsé, pé atẹ́gùn á máa pa iná, kí wọ́n gbé e sí òdìkejì kí òun rí i. Ayàwòrán gbé e, ó ní kí ẹ̀rọ tún ìrìn náà yà lójú ẹsẹ̀. Ohun tó burú jù lọ fún ẹ̀rọ náà nìyẹn, gbogbo ará yàrá ló sì mọ̀ ọ́n àfi àlejò. Fáànù kúlà náà gbé ohùn sókè nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ooru ń gba ihò òkè jáde sí fèrèsé, aṣọ wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ ń mì. Ìyá Òtẹ́ẹ̀lì ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà ní ìdálẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí, ìrìn tuntun náà sì yọ lójú kọ̀ǹpútà.

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wọ bàtà. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n, ó ní ohun tí ọmọ yìí yà ni kó kàn o, kó má fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ kún un, àti pé inú yàrá kékeré yìí ni òun yóò ti máa wá wo àwọn yàrá yòókù bí wọ́n bá ti ń yà wọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan fún Ayàwòrán. Ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí, ó sì gbé ohùn sókè tó kí wọ́n lè gbọ́ ọ ní yàrá kékeré, pé kó sọ fún aránṣọ kó wá ibòmíràn lọ. Ìyàwó béèrè pé nítorí kí ni. Ọkùnrin náà ti tan ẹ̀rọ ìlagi.

Àwọn èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ kì í di omi, pé wọn á parí ẹ̀. Wọn kò tíì parí ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ńlá wà lára àpótí irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n báyìí, àpótí tí wọn kò tì rí láti ìgbà tí bàbá wọn ti wà láyé. Àwòrán tí àbúrò bá yà, ẹ̀gbọ́n á mú un lórí tábìlì, á kàn án bó ṣe wà gẹ́lẹ́, á sì dá bébà padà láìwo ojú rẹ̀. Àbúrò á kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ pẹ̀lú ohùn tó dùn bí oyin, nítorí ó mọ̀ pé ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù. Òun náà kì í sì í wo etí àwọn ihò dúdú yẹn bó bá ń tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ó máa ń gbójú kọjá wọn lọ sí fèrèsé.

Onígbàjámọ̀ ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún gbogbo orí tó bá fá. Kọ̀ǹpútà náà kò gbiná rí: pákó ló rú èéfín, torí pé ayùn ti kú.